Ìlà Àkọ́kọ́ Nìkan Lo Kà

Agboolé wa, Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù Ọ̀wàrà, 1998.

Sìdíkátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Àbújá tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ tuntun náà ń lọ déédéé? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí tíì àti bísíkíìtì lo ṣì fi ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán? Ó tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkíni mi ti ń pọ̀ jù fún ọ, nítorí náà màá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ojú ìyá rẹ kò dára. Ti ọ̀tún ti lọ pátápátá láti ìgbà ọdún Iléyá. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti òsì. Ó ní ó lè là, ó sì lè má là. Ìyá rẹ fẹ́ rí ojú rẹ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Má tíì dìde. Jókòó kí o kà á délẹ̀, nítorí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ tẹ́lẹ̀, o kò sì gbọ́. Bí o kò ṣe gbọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kì í ṣe láti fi nà ọ́ lẹ́gba, bí kò ṣe pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún èmi àti ìwọ.

O rántí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìnàjò rẹ, nígbà tí o fà mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ ní Mayfair. O ní o ti kọ ètò kékeré kan tí gbogbo rẹ̀ kò kún ojú ìwé méjì, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní skíríìpù. O ní kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ lásán, láìsí àwòrán, láìsí àwọ̀, kí n fi í pamọ́ sínú àpò kan tí o pè ní "ile", kí n wá tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "hun". Mo tẹ "hun", mo tẹ bọ́tìnì Ẹ́ńtà, kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ètò rẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi di ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà àkọ́kọ́ di orúkọ ewé náà, ètò náà sì tò ó mọ́ àwọn yòókù nínú àkójọ tó wà níwájú. Ìyókù di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún to lẹ́tà, eléyìí ò lè nira fún yín." Inú mi dùn débi pé mo ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Ìròyìn ilé lo ní kí n máa fi síbẹ̀ fún àwọn ọmọ agboolé wa tó wà lẹ́yìn odi. Mo ṣe é. Ọ̀rọ̀ wá tàn kálẹ̀, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù Dúpẹ́. Ìyá kan tilẹ̀ wọkọ̀ láti Ẹdúnàbọ̀n wá nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jámánì. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á máa sọ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ta ni nínú wọn tó máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láì kíni? Kò sí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àkójọ tó yẹ kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ewé kọ̀ọ̀kan ti di kìkì ìkíni. Ewé mọ́kànlá ló ń jẹ́ "Ọmọ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta". Mẹ́rin ń jẹ́ "Ṣé dáadáa lo wà". Ọ̀kan ń jẹ́ "Àsàláàmù àlékùmù", tèmi nìyẹn. Ọmọ tó wà ní Jámánì ní láti ṣí mẹ́wàá kó tó kan ti ìyá rẹ̀. O ránṣẹ́ sí Dúpẹ́ pé kó sọ fún mi kí n yé fi ìkíni ṣe ìlà àkọ́kọ́, pé àkójọ rẹ ti bàjẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe bí o ṣe wí. Mò ń fi orúkọ òbí ṣíwájú, ìkíni á wá tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó bínú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, ọwọ́ mi kọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi "Ojú Sàfú ti ń lọ" ṣe orúkọ ewé kí gbogbo ayé máa kà á nínú àkójọ? A kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo kí ọ. Mo sọ bí òjò ṣe rọ̀. Mo sọ pé wọ́n ti tún ọ̀nà Òkèrèwè ṣe, ó sì ti bàjẹ́ padà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo wá kọ ọ́ sí pé ìyá rẹ ń bèèrè rẹ, pé ojú ń yọ ọ́ lẹ́nu, pé ọ̀kan ti rẹ̀ ẹ́, bí àyè bá sì wà, kí o yà wò wá kí oṣù tó parí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, Dúpẹ́ ránṣẹ́ pè mí pé èsì rẹ ti dé. Àlùwàlá ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Mo fi bùtà sílẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré wọ ọkọ̀. Ohun tí mo bá lójú kọ̀ǹpútà ni pé, "Bàbá, mo ti bá yín tún ìlà àkọ́kọ́ ewé yín ṣe. Mo ti fi Ìròyìn Ilé sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rántí." Mo wo ìsàlẹ̀ èsì náà bóyá o dárúkọ ìyá rẹ, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. Mo ní kí Dúpẹ́ bá mi wò ó bóyá ó kù, ó ní ó ti tán. Ó dùn mí, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹlòmíràn fi ní òun fẹ́ lo kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ sí ilé tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní o wà nípàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e, o ní, "Bàbá, ẹ má bínú, màá pè yín padà sí ọ̀dọ̀ Dúpẹ́." Mo jókòó ní ọ̀dọ̀ Dúpẹ́ títí ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bínú. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí, mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Nígbà tí ìbínú náà rọlẹ̀, mo rántí pé èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, tèmi sì burú ju tìrẹ lọ. Nítorí náà, èkíní nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyí: ohunkóhun tó bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, kà á.

O mọ̀ pé Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpósítọ̀ ni mí, àwa tí à ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka. Ìdojúdé ni lẹ́tà òjé máa ń wà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tò kì í ka ọ̀rọ̀ mọ́, lẹ́tà nìkan ló ń rí. Mo yára, mi ò sì ṣàṣìṣe, mo sì ń fi í yangàn. Ọ̀gá mi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé bí Ràímì bá to ìwé, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ti sọ fún ọ nípa Ìyá Ọlọ́sàn, ìyàwó bàbá mi àgbà, tó tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Ìyá Ọlọ́sàn nítorí ọsàn tó ń tà. Ta ni nínú àwa ọmọ tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀? Bí a bá bèèrè, wọ́n á gbá wa létí. Ní ọdún kan, wọ́n kó ìwé ìpè fìdáù ogójì ọjọ́ kan fún mi láti tò. Sàláwátù Àsàkẹ́ ni olóògbé náà ń jẹ́. Mo to orúkọ rẹ̀. Mo to Òkèrèwè, mo to Ilé-Ifẹ̀, mo to orúkọ àwọn ọmọ, mo dé orí àwọn ọmọọmọ. Ràímì wà láàárín wọn, wọ́n kọ Ìbàdàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka mi mú lẹ́tà márààrún náà, ó tò wọ́n, ó kọjá lọ. Àmì kan tí wọn ò fi sí ibi tó yẹ, mo rí i, mo sì tún un ṣe. Ọ̀gá mi yìn mí.

Nígbà tí mo wálé ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo ra búrẹ́dì méjì dání fún Ìyá Ọlọ́sàn. Mo kọjá sí yàrá rẹ̀ tààrà, mo bá ẹlòmíràn níbẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi nígbà tó kú, ṣùgbọ́n mo ti kó kúrò ní ilé tí wọ́n mọ̀. Bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá mi, wá fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwé ìpè náà wá sí ilé ìtẹ̀wé wa. Kò bá mi lórí ìjókòó, ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó wò mí lọ́jọ́ tí mo wálé yẹn, kò pariwo rárá. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló máa gbà kọjá, Ràímì. Mo rò pé wàá kà á."

Wọ́n ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ohun tí o rò pé ti ẹlòmíràn ni, tí o kàn ń tún ìlà rẹ̀ ṣe kí o lè kọjá sí òmíràn, ará ilé rẹ lè wà nínú rẹ̀. O mọṣẹ́ jù mí lọ, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù fún ọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ ló máa ń yára débi tí kò fi ní kàwé mọ́.

Èkejì: máa la ẹnu rẹ níbi iṣẹ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìgbà tí ìyá rẹ bí ọ, Ìbàdàn ni mo wà. Ọjọ́ kejì ni ìròyìn dé. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ ni, mo sì ń bẹ̀rù ọ̀gá mi. Mo ń rò ó lójoojúmọ́ pé lọ́la ni màá sọ fún un. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo dé Ifẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ lánàá rẹ̀. Sìdíkátù tí o ń jẹ́ yìí, bàbá mi kékeré yẹn kan náà ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Mi ò sọ fún ọ rí. Orúkọ tí mo mú dání láti Ìbàdàn, inú mi ló kú sí. Nígbà tí mo padà, ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò tètè sọ, ó ní ṣé òun máa pa mí jẹ ni. Ọ̀gá rẹ náà ní ìyá. Bí o bá sọ ọ́ fún un, ó ṣeé ṣe kó fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rin. Bí o kò bá sọ, kò sí ohun tó máa fún ọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ètò rẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kàn mí. Dúpẹ́ ní àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ fẹ́ kí o fi òdòdó àti àwòrán tó ń ṣẹ́jú kún un kó lè dùn ún wò. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo fi gbogbo òdòdó òjé tó wà ní ilé ìtẹ̀wé ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó kan lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó jáde, kò sí ẹni tó rí orúkọ ọkọ ìyàwó. Bàbá ọkọ kó gbogbo rẹ̀ dà sí iwájú ọ̀gá mi. Ètò rẹ kékeré yẹn ń ṣí kíá lórí wáyà tẹlifóònù wa tó burú yìí nítorí pé kò ru ẹrù. Ìyá tó wá láti Ẹdúnàbọ̀n kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fèsì. Ó fèsì sí gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ bèèrè ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ mẹ́nu bà ní ìparí. Bí wọ́n bá ní kí o fi nǹkan kún ètò náà, bi wọ́n pé ta ló ń ka ohun tó wà níbẹ̀ báyìí.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ ká pe eléyìí ní ẹ̀kẹrin.

Àárò rẹ ń sọ mí. Bàbá kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti dàgbà, èmi ń sọ ọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ránṣẹ́, tí mi ò sì ní ohunkóhun láti tẹ̀. Mo ṣì máa ń lọ sí Mayfair. Màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, màá tẹ "hun" lásán. Ètò rẹ á yẹ àpò náà wò, á rí i pé kò sí ohun tuntun, á sì kọ ohun tí o kọ́ ọ láti máa kọ: "O ti pari. E ku ise, Baba." Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀, èmi lo sì ń rò nígbà tí o ń kọ ọ́. Dúpẹ́ máa ń bi mí pé, "Bàbá, kí lẹ wá ṣe lónìí?" Mo máa ń sọ pé mo wá yẹ iṣẹ́ wò.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ kò mọ "hun". Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láti ìrọ̀lẹ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń wo nǹkan bí ẹni tó ń di ẹrù. Ó wo aṣọ àǹkárá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó ká a. Ó ní kí n jókòó sínú oòrùn, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní mo ti darúgbó, ó sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá mo gbé fọ́tò rẹ fún un, èyí tí o yà nígbà tí o gbàwé ẹ̀rí yunifásítì. Mo rò pé màá fi tù ú nínú. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí, ó sì dá a padà fún mi.

Ó ní, "Eléyìí ti pẹ́. Ojú tó ní báyìí ni mo fẹ́ rí."

Mo ní o máa wá. Mo purọ́ ni, nítorí mi ò mọ̀ bóyá o máa wá.

Ohun kan kù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lánàá. Mo tẹ̀ lé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun ti fún ìyá rẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá bẹ òun láìjẹ́ kí n mọ̀ pé kí òun sún un síwájú. Ó ní ó máa ń sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Dókítà ní ojú náà kò lè dúró mọ́, pé bí Ọjọ́rú yìí bá kọjá, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Mo bi ìyá rẹ ní ojú ọ̀nà pé kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló sì dé tí kò ní kí n ránṣẹ́ pè ọ́ ní gbangba. Ó ní ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́, kí a má fi ojú arúgbó dí i lọ́wọ́. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ọ. Mi ò búra, mo kàn dákẹ́, ó sì rò pé mo ti gbà.

Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ tó ń lọ sí Àbújá lọ́la ló máa fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́. Mo ti ní kó dúró kí o kà á délẹ̀ níṣojú rẹ̀ kó tó kúrò.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ. Á jẹ́ kí ojú ọ̀gá rẹ rọ̀ nígbà tí o bá wọlé bá a. Bí o bá sì ti dé Ifẹ̀, tí o bá ìyá rẹ lẹ́nu ọ̀nà níbi tó jókòó sí, má sọ fún un pé mo kọ̀wé sí ọ. Sọ pé ara rẹ ló sọ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì.